Ìwádìí Tí Mo Lọ Ṣe Nípa Lọ́ọ̀dù Kan ní Jonesboro

Gbogbo ẹni tó bá pàdé mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu wọn: "Ìyá Wálé, báwo ni Amẹ́ríkà?" Bí mo bá ní ó dára, wọ́n á ní mò ń fi nǹkan pa mọ́. Bí mo bá ní kò dára, wọ́n á ní wọn ò fún mi ní nǹkan bọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ òfúrufú ṣe rí, kó lọ bi àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjókòó ni, wọ́n sì fún wa ní ìrẹsì. Ohun tí mo lọ ṣe níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ, torí àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́ kiri àdúgbò, èyí tí mò ń gbọ́ kọ́ ló sì ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Ìwádìí ni mo lọ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń ta sítáǹpù ní pósí-ọ́fíìsì mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa ń rán nílé wa bí ọmọ kan bá fẹ́ lọ́kọ tàbí tó fẹ́ gbéyàwó. N kì í lọ sí ilé tí mo fẹ́ wádìí. Ilé tó tẹ̀ lé e ni mo máa ń lọ. Màá ní oòrùn pa mí, màá tọrọ omi tútù, màá jókòó. Kí n tó mu omi yẹn tán, mo ti mọ ẹni tó ya wèrè nílé kejì, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́, àti ìyàwó tó kó ẹrù jáde láìdágbére. Mo ti fi omi tútù tú ìgbéyàwó ká láti Iléṣà títí dé Òndó, ẹnikẹ́ni ò sì tíì padà wá bú mi.

Ọmọ Bùọ̀dá mi, Ìtùnú, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Atlanta, ló pè wá pé òun ti rí ọkọ. Bùọ̀dá mi ni olórí ẹbí wa báyìí, wọ́n sì béèrè ohun tí olórí ẹbí máa ń béèrè: ọmọ ta ni? Ìtùnú ní, "Dádì, ìdílé wọn ti ọ̀dọ̀ Lọ́ọ̀dù kan wá ní England. Ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn láyé ọjọ́un."

Bùọ̀dá mi ò gbọ́ nǹkan míì mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo òpópónà wa ti mọ̀ pé ọmọ Lọ́ọ̀dù ń bọ̀ wá ṣe àna wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í káwọ́ sẹ́yìn rìn. Ìtùnú fi fọ́tò ọmọkùnrin náà ránṣẹ́, ó pupa díẹ̀, ni Bùọ̀dá bá gbé fóònù jìnnà sójú, wọ́n ní, "Ẹ rí i? Ẹ̀jẹ̀ Lọ́ọ̀dù nìyẹn."

Mo ní, "Bùọ̀dá, ọmọ tó ń ta bátìrì lẹ́nu ọ̀nà ọjà pupa ju eléyìí lọ." Wọ́n tún gbé fóònù jìnnà sí i.

Mo tún béèrè bóyá àwọn ará ilé Lọ́ọ̀dù máa gba ọmọ wa. Ìyẹn dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Ṣé àwa náà ò lórúkọ ni? Baba ńlá wa so ẹṣin! Òrùka irin tó so ó mọ́ ṣì wà lára ògiri yàrá ẹ̀yìn."

Òótọ́ ni pé òrùka náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ilé wa létí ọ̀sà ti rí i. Àwa la máa ń so ewúrẹ́ Kérésì mọ́ ọn. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sílé wa ni wọ́n sọ fún pé ẹṣin baba ńlá ló wà fún, mo sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tèmi náà.

Bí wọ́n ṣe rán mi nìyẹn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó ṣe ìgbéyàwó. Bí mo bá ní rárá, ó parí. Ìtùnú fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní pápá ọkọ̀ òfúrufú, kò tíì gba báàgì lọ́wọ́ mi tó fi dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Big Mummy, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ yín. Ẹ má bà á jẹ́ fún mi."

Mo ní, "Èmi kì í ba nǹkan jẹ́. Mo kàn máa ń béèrè ni."

Suwanee: ilé wà, èèyàn ò sí

Suwanee ni Ìtùnú ń gbé, ọmọkùnrin náà sì ń gbé ní òpópónà kejì. Àwọn ilé náà jọra débi pé mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo wọn. Wọ́n gé koríko mọ́lẹ̀, wọ́n fọ ọ̀nà, wọ́n to igi sí ìlà. Ohun tó kù ni èèyàn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ títí, n ò rí ọmọ kan kó sáré kọjá, n ò rí ẹni tó ń bú ẹnikẹ́ni. Mo bi Ìtùnú bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Rárá o, Big Mummy, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ní shift báyìí." Ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n.

Iṣẹ́ tí mo bá wá ò ṣeé fi tẹlifíṣọ̀n ṣe. Mo wẹ̀, mo we gèlè, mo lọ sí ilé tó tẹ̀ lé ti ọmọkùnrin náà. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ohùn obìnrin kan jáde láti ara ilẹ̀kùn, ó ní ṣé òun lè ràn mí lọ́wọ́. Mo wò yíká, n ò rí ẹnì kankan. Mo kí ilẹ̀kùn náà káàárọ̀. Mo ní oòrùn pa mí, bóyá ó lè fún mi ní omi tútù. Ilẹ̀kùn ní ta ni mò ń wá. Mo ní n kò wá ẹnikẹ́ni, mo kàn fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọmọkùnrin ilé kejì jẹ́. Ilẹ̀kùn ní òun ò mọ ẹni tó ń gbé ilé kejì, àti pé kí n jọ̀wọ́ kúrò lórí pèpéle òun.

Nígbà tí Ìtùnú dé, ó ṣàlàyé fún mi pé obìnrin náà wà níbi iṣẹ́, fóònù ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó tún ní bí obìnrin náà bá pe ọlọ́pàá, kí ni òun fẹ́ sọ fún wọn? Mo ní kó sọ pé omi ni mo tọrọ.

Lọ́jọ́ kejì mo rí ọkùnrin kan tó mú ajá rìn. Inú mi dùn. Mo kí i, òun náà rẹ́rìn-ín sí mi. Èèyàn wọn mọ ẹ̀rín rín, ẹ jẹ́ kí n sọ tiwọn. Ó sọ orúkọ ajá rẹ̀ fún mi, ó sọ àìsàn tó ṣe ajá náà lọ́dún tó kọjá, ó sọ orúkọ ajá ilé iwájú àti ti ilé ẹ̀yìn. Mo wá bi í nípa ọmọkùnrin tó ń gbé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dúró sí. Ó wo ilé náà bíi pé òní ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ní èyí tí kò lájá? Òun ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà mi tì pátápátá. Ní ìlú tí aládùúgbò ò ti mọ aládùúgbò, ẹnu ẹni tí èèyàn fẹ́ wádìí gan-an ló kù láti bi léèrè. N ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi. Ojú tì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà

Mall kan, ilé ìtajà ńlá ní Buford, ni Ìtùnú ti mú mi lọ bá a. Mall náà tóbi ju ìlú ìyá mi lọ, òtútù inú rẹ̀ sì pọ̀. Marcus lorúkọ ọmọkùnrin náà. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sáré wá, ó ní ṣé kí òun pe áńbúláǹsì. Marcus ò dìde. Ìtùnú ti kọ́ ọ pé àfi bí mo bá ní kó dìde. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò ó láti ilé. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Suwanee, ó máa ń fetí sílẹ̀ bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ó sì bu oúnjẹ tirẹ̀ fún Ìtùnú láìjẹ́ pé ó tọrọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ níbí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ náà ni mo bá jà. Adìyẹ tí wọ́n tà fún wa níbẹ̀, ṣúgà ni wọ́n fi sè é, mo jẹ ẹ́ nítorí pé ó ti sanwó.

Mo bi í nípa Lọ́ọ̀dù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá àgbà òun ló mọ̀ ọ́n, pé kí n dúró dìgbà tí mo bá dé Jonesboro. Ó wá gbé síbí kalẹ̀. Ó ní ìyá bàbá òun ló tọ́ òun láti kékeré, pé òun ò ní gbéyàwó tí wọn ò bá fọwọ́ sí. Ó ní, "Wọ́n máa bi yín pé ta ni àwọn èèyàn yín. Gbogbo ẹni tó bá wọ ilé wọn ni wọ́n máa ń bi."

Mo ní, "Bí wọ́n bá ní rárá ńkọ́?"

Ó tún gbé síbí. Ìtùnú ń wo adìyẹ.

Ẹ wò ó, látọjọ́ tí mo ti ń ṣèwádìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé ó máa yí padà kàn mí.

Jonesboro

Bí Marcus ṣe fi ọkọ̀ gbé wa wọ Jonesboro, mo rí àwọn arúgbó lórí pèpéle ilé wọn, wọ́n ń juwọ́ sí ọkọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀ wá. Ara mi balẹ̀. Mo sọ fún Ìtùnú pé ká ní níbí la ti bẹ̀rẹ̀ ni, ǹ bá ti parí iṣẹ́ mi.

Miss Loretta ni gbogbo èèyàn ń pe ìyá àgbà Marcus. Wọ́n lọ́kọ kó tó kú, wọ́n ti bí ọmọ, wọ́n lọ́mọ-ọmọ, síbẹ̀ Miss ni. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ojú ni mo fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Miss Loretta kígbe. Wọ́n rò pé mo ṣubú. Kí Ìtùnú tó ṣàlàyé, wọ́n ti gbá mi mú lábíyá, wọ́n ti gbé mi sórí àga, wọ́n sì ti ń fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo jókòó sórí àga náà, n ò janpata.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ẹ̀wà ni, olójú dúdú, tiwa yìí náà. Ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹran sè, ilá wà níbẹ̀, àgbàdo tí wọ́n yan bíi búrẹ́dì wà níbẹ̀. Mo jẹ ilá náà, mo tún jẹ ẹ́. Mo ní, "Miss Loretta, ta ló kọ́ yín ní ilá?"

Wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa. A bá a nílé ni."

Lọ́ọ̀dù

Ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé ìwẹ̀ ni wọ́n gbé Lọ́ọ̀dù kọ́ sí. Fọ́tò àwòrán ńlá kan tí wọ́n fi ọwọ́ yà láyé ọjọ́un ni, wọ́n fi dígí bò ó. Mo béèrè ìdí tí irú ẹni pàtàkì bẹ́ẹ̀ ò fi sí ní pálọ̀. Miss Loretta ní pálọ̀ wà fún àwọn tó fẹ́ràn àwọn.

N ò ní dárúkọ ìdílé Lọ́ọ̀dù, torí àna ni wọ́n fẹ́ jẹ́. Nínú àwòrán náà, ó wọ aṣọ pupa, ó dé irun funfun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó na ọwọ́ sí oko rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tò tẹ̀lé ara wọn. Ajá kan wà níwájú. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sísàlẹ̀, títí kan ti ajá. Juno ni ajá náà ń jẹ́.

A padà sídìí tábìlì, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo tọrọ omi tútù ná, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, àṣà wa ni. Ṣé wèrè wà nínú ìdílé Lọ́ọ̀dù yìí?"

Ìtùnú fi ẹsẹ̀ gbá mi lábẹ́ tábìlì.

Miss Loretta na ẹ̀yìn lórí àga wọn, ojú wọn ń dán. "Wèrè kẹ̀! Àbúrò rẹ̀ ni. Yàrá òkè ni wọ́n tì í mọ́ títí ó fi kú. Bí àlejò bá gbọ́ ariwo rẹ̀, ìyàwó Lọ́ọ̀dù á ní atẹ́gùn ni."

Ká ní Iléṣà ni, mo ti gbé báàgì mi. Ṣùgbọ́n n ò gbọ́ ọ rí kí ẹni tí wọ́n ń wádìí máa fi ayọ̀ dáhùn. Mo ní, "Ọwọ́ wọn mọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kó tó gorí oyè bàbá rẹ̀, ìbò ló fi ń wọ ilé ìgbìmọ̀. Ọtí ló fi ń ra ìbò náà."

Mo ní ìyẹn ò burú, a mọ̀ ọ́n nílé.

Wọ́n ní Lọ́ọ̀dù fẹ́ràn káàdì títa. Ó fi odindi igbó kan ta káàdì, igbó náà lọ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ dé. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé bàbá rẹ̀, wọ́n dá a padà fún un bí ẹni dá abọ́ padà. Nínú ilé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ jù ni òmìnira. Á dìde, á sọ pé òmìnira ni ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, á sọ ọ́ títí àwọn kan á fi sùn, àwọn tó bá jí á pàtẹ́wọ́. Bí ó bá délé, á béèrè iye tí ìrẹsì mú wọlé láti Georgia.

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe pín ogún rẹ̀. Wọ́n ní kò sí pínpín. Àkọ́bí gba ilé, ó gba ilẹ̀, ó gba oyè, ó gba àga.

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀? Ẹnì kan?"

"Gbogbo ẹ̀."

Mo ní, "Ilé wa, bí wọ́n bá dán an wò, òkú náà ò ní tètè wọlẹ̀." Lọ́dọ̀ wa, iye ìyàwó la fi ń pín in, àbíkẹ́yìn tí kò rí nǹkan kan, ó kéré tán á rí yàrá kan àti ẹni tó máa bá jà sí i. Miss Loretta rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wọn.

Ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn Lọ́ọ̀dù ni ìdílé Miss Loretta ti wá. Wọn ò fún un ní nǹkan kan, wọ́n fi í sọ́kọ̀ wá sí Georgia kó wá máa bójú tó oko ìrẹsì. Obìnrin kan wà lóko náà tó ń jẹ́ Hannah. Wọ́n rà á ni. Miss Loretta ò rẹ́rìn-ín mọ́ níbí. Wọ́n ní ọmọ Lọ́ọ̀dù ò bi Hannah bóyá ó fẹ́. Ó bí ọmọkùnrin kan fún un. Bàbá ọmọ náà ò dá a sílẹ̀, orúkọ ìdílé nìkan ló fún un, torí orúkọ ò ná an ní nǹkan kan. Ẹnu ìyá dé ẹnu ọmọ ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Miss Loretta.

Wọ́n ti dé ilé Lọ́ọ̀dù náà rí ní England, àwọn àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo èèyàn. Nígbà tí wọ́n dé yàrá oúnjẹ, Miss Loretta sọ fún ọmọbìnrin tó ń mú wọn kiri pé, "Baba ńlá mi ló ni ibí." Ọmọbìnrin náà ní ó mà dára o. Ó wá ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má fọwọ́ kan àga.

Bùọ̀dá mi wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ń káwọ́ sẹ́yìn rìn ní òpópónà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Mo sọ ọ́ fún Miss Loretta bẹ́ẹ̀, mo ní ó dùn mí. Wọ́n fi ọwọ́ lu ọwọ́ mi lórí tábìlì. Wọ́n ní kí Marcus àti Ìtùnú lọ ká tòmátì wá lẹ́yìn ilé.

Ìbéèrè tiwọn

Nígbà tí àwọn ọmọ ti jáde, Miss Loretta ní, "Ó kàn yín. Ta ni àwọn èèyàn yín?"

Mo sọ ti bàbá mi tó jẹ́ olùkọ́, mo sọ ti Bùọ̀dá mi tó ń kó ìwé orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ti ara mi àti pósí-ọ́fíìsì. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá ní, "Rárá. Láyé Lọ́ọ̀dù ni mò ń wí. Nígbà tí ó dìde tó ń sọ ti òmìnira, kí ni baba ńlá tiyín ń ṣe?"

Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ó ń so ẹṣin."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ẹṣin dára. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń fi ẹṣin ṣe lọ́dọ̀ wa, ṣé oko ni, àbí ìrìn-àjò?

Mo ní, "Ìlú wa, etí ọ̀sà ni. Ọkọ̀ ojú omi la máa ń..."

Mo gbé ife omi mi kalẹ̀.

Iṣẹ́ mi lẹ rí yẹn. Báyẹn gan-an ni mo ṣe máa ń mú wọn ní Iléṣà àti Òndó: mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi sọ ohun tí ilé tiwọn fúnra rẹ̀ ò gbà. Mo rí yàrá ẹ̀yìn náà bí ẹni pé mo wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré, èmi gan-an máa ń tẹrí ba kí n tó wọlé. Ẹṣin wo ló máa gba ibẹ̀ kọjá? Òrùka náà ò sì sí lókè. Ìsàlẹ̀ ògiri ló wà, níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ èèyàn máa ń wà. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi rí. Kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ̀.

Mo lè purọ́. Ìtùnú wà lẹ́yìn ilé, mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ohun tí mo bá sọ ló máa gbé e wọlé tàbí kó tì í síta, mo sì ti bá yín sọ pé ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti kó wèrè, ọtí, káàdì, àti Hannah sílẹ̀ níwájú mi, kò fi ọ̀kankan pa mọ́.

Mo ní, "Miss Loretta, kò sí ẹṣin. Èèyàn tó fẹ́ tà ni baba ńlá wa ń so mọ́ ọn. Wọ́n ń dúró de ọkọ̀ òyìnbó ni."

Wọ́n dìde. Wọ́n mú àkísà, wọ́n nu tábìlì tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n nu ún dé iwájú mi, wọ́n gbé ife omi mi, wọ́n nu abẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e padà. Ẹ̀rù bà mí, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn mọ̀?"

"Ẹṣin la sọ fún un."

"Ẹ pè é wọlé."

Mo sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì, tòmátì wà lọ́wọ́ wọn. Ìtùnú wò mí. Ó ní, "Big Mummy, òrùka tí mo máa ń so okùn mọ́ kí n lè máa fò ó? Òun náà?"

Mo ní òun náà ni. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, kò wá àga. Marcus gba tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró pẹ́ kó tó jókòó tì í, mo sì rí i pé ó rò ó kó tó jókòó. N ò bá a wí.

Miss Loretta ní, "N ò ní rárá. N ò sì tíì ní bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n ní lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ọmọ Hannah máa ń pé jọ sínú ọgbà àwọn. Kí wọ́n tó jẹun, ẹnì kan á dìde, á sọ ti Lọ́ọ̀dù àti ti Hannah, kò ní fo nǹkan kan, títí dórí wèrè yàrá òkè. "Kí olórí ẹbí yín wá. Kó dúró níwájú gbogbo wa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ti òrùka yẹn. Lẹ́yìn náà, a ó jọ jẹun, ọmọ yín á sì di ọmọ mi."

Mo ní, "Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Ìtùnú á máa jẹ́ àlejò mi. Mo máa ń tọ́jú àlejò."

Wọ́n bu ẹ̀wà àti ilá sínú abọ́ tó ní ìdérí fún mi. Wọ́n ní kí n má gbàgbé o, abọ́ náà ń padà.

Fóònù

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Bùọ̀dá mi. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọ̀rẹ́ wọn lẹ́yìn. Wọ́n ti ṣí sípíkà.

"Dúpẹ́! Ṣé Lọ́ọ̀dù ni lóòótọ́?"

"Lọ́ọ̀dù ni."

Àwọn ọ̀rẹ́ wọn hó yèè. Mo ní, "Ẹ pa sípíkà, Bùọ̀dá. Ẹ wọ yàrá."

Wọ́n wọ yàrá. Mo sọ ti Lọ́ọ̀dù, mo sọ ti Hannah. Mo ní, "Wọ́n béèrè tiwa náà. Wọ́n béèrè ẹṣin."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní a ò ní ẹṣin rí."

Wọ́n wá sọ̀rọ̀ bí ọmọdé, Bùọ̀dá mi tí gbogbo yín mọ̀. Wọ́n ní, "Ẹṣin ni bàbá wa sọ fún mi."

"Èmi náà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹṣin."

Mo ní mo mọ̀. Mo wá jẹ́ iṣẹ́ Miss Loretta fún wọn bí wọ́n ṣe rán mi, n ò fi kún un, n ò yọ nínú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Níwájú gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, tọmọdé tàgbà."

"Kí n tó jẹun?"

"Kí ẹ tó jẹun."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń rìn nínú yàrá. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn tó dún, mo sì mọ ilẹ̀kùn tí ó jẹ́, torí ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń dún bẹ́ẹ̀ nílé wa, ìyẹn ti yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n mí kanlẹ̀ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òrùka náà. Mo dúró. Ìtùnú jókòó síwájú mi, ó ń wo ẹnu mi.

Bùọ̀dá ní, "Dúpẹ́, ṣé òtútù máa ń wà níbẹ̀ lásìkò yẹn?"

Mo ní kò sí òtútù, ooru ni. Mo ní kí wọ́n mú aṣọ fúyẹ́fúyẹ́ wá.